Ọkọ̀ Ọ̀fẹ́ Tó Ń Yí Detroit Po: Ìdí Tí Mo Fi Fún un ní Ìràwọ̀ Mẹ́ta

Bó bá jẹ́ ibi iṣẹ́ lẹ̀ ń lọ ní Detroit, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu lórí People Mover. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ṣe ìlú yẹn tó fi rí bó ṣe rí lónìí, n kò mọ ohun ọ̀fẹ́ mìíràn tó lè là yín lójú bíi tirẹ̀. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un. Méjì tí mo yọ, kì í ṣe àwọn tó ń tọ́jú ọkọ̀ náà ni mo fi bá wí. Àwọn tó jẹ́ kó kù síbi tó kù sí ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ ojú irin kékeré ni. Orí afárá kọnkéré ló ń gbà kọjá láàárín àwọn ilé gíga, kò ní dírẹ́bà, kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀. Àárín ìgboro nìkan ló ń yí po, kì í jáde kúrò níbẹ̀: ibùdókọ̀ 13, máìlì 2.9 péré, nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sì ni yóò ti padà síbi tó ti gbéra. Oṣù keje ọdún 1987 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Sẹ́ǹtì 75 ni wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ni wọ́n ti sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Kò sí pé à ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí pé à ń fa káàdì yọ. Ẹ ó kàn gòkè lọ dúró ni, ọkọ̀ á dé, ẹ á wọ̀ ọ́.

Southfield ni èmi ń gbé, lókè òpópónà 8 Mile, níbi tí ilẹ̀ Detroit parí sí. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mò ń wẹ̀ fún, tí mò ń bá wá oògùn wọn, ló ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ mọ́tò. Lẹ́nu àwọn tó fọwọ́ ara wọn ṣe Detroit ni mo ti gbọ́ ìtàn rẹ̀ kí n tó mọ ìgboro rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó wá sọ mí di èrò People Mover ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Dádì Ìkẹjà. Ọdún gbọọrọ ni Dádì fi ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ kan n'Íkẹjà, títí àwọn tó ni ín fi palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Nígbà tí wọ́n wá kí wa nígbà ooru, wọn ò béèrè ibi ìgbafẹ́, wọn ò béèrè ibi tí wọ́n ti ń ra aṣọ. Wọ́n ní, "Títí, Detroit ni wọ́n kọ sára ẹ̀ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ wa nígbà náà. Mú mi lọ síbẹ̀, kí n lọ wo àwọn tó ṣe é."

Ibùdókọ̀ Grand Circus Park la ti wọkọ̀. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó gbájú mọ́ ìwé ìròyìn tó ń kà. Dádì kí i. Kò dáhùn. Wọ́n tún kí i, wọ́n wá sún mọ́ ọn, wọ́n rí i pé idẹ ni. Ère tí J. Seward Johnson ṣe ni, ó dà bí òṣìṣẹ́ tó ń retí ọkọ̀. Dádì wò ó tokè-tilẹ̀, wọ́n wá yíjú sí mi: "Ṣé wọn ò rí èèyàn tí yóò wọkọ̀ ni wọ́n fi mọ ère síbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú egbò gan-an ni Dádì fọwọ́ kàn. Nígbà tí wọ́n ń gbèrò ọkọ̀ yìí, ìṣirò wọn ni pé èèyàn bí 67,000 ni yóò máa wọ̀ ọ́ lójúmọ́ tó bá fi máa di ọdún 1990. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tán, iye tó ń wọ̀ ọ́ kò ju nǹkan bí 11,000 lọ. Kì í ṣe pé àwọn tó ṣírò ò mọ̀wé. Ọkọ̀ mìíràn tí kò dé mọ́ ni wọ́n ń fojú sọ́nà fún.

Ní 1976, ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ Ààrẹ Gerald Ford, tí òun náà dàgbà ní Michigan, ṣèlérí 600 mílíọ̀nù dọ́là fún Detroit àti àwọn ìlú tó yí i ká pé kí wọ́n fi ṣe ètò ìrìnnà tí yóò so gbogbo wọn pọ̀. Ọkọ̀ ojú irin ńlá ni yóò máa kó èrò wọlé láti ọ̀nà jíjìn. People Mover yóò wá máa pín wọn káàkiri àárín ìgboro. Ṣùgbọ́n Detroit àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ò fẹnu kò. Wọ́n jà lórí ẹni tí yóò sanwó, wọ́n jà lórí ẹni tí yóò ṣe ọ̀gá, wọ́n jà lórí bóyá abẹ́ ilẹ̀ ni kí ọkọ̀ gbà tàbí òkè. Kí ìjà náà tó rọlẹ̀, owó ti lọ. Èyí tó kéré jùlọ nínú gbogbo ètò náà nìkan ni wọ́n rí kọ́, òun nìkan sì ná wọn tó 200 mílíọ̀nù dọ́là. Mo ṣàlàyé èyí fún Dádì nígbà tí ọkọ̀ gbéra. Wọ́n ronú díẹ̀. "Wọ́n ra ìdérí," wọ́n ní, "wọn ò ra ìkòkò."

Ẹ jókòó síwájú pátápátá bí àyè bá wà. Nítorí pé kò sí dírẹ́bà, fèrèsé iwájú jẹ́ ti èrò, gbogbo ìgboro ni yóò sì máa bọ̀ wá pàdé yín. Ní ibùdókọ̀ Broadway, ẹ ó rí iṣẹ́ Charles McGee, gbajúgbajà ayàwòrán aláwọ̀ dúdú ìlú náà, lára ògiri. Gbogbo ibùdókọ̀ ló ní irú iṣẹ́ ọnà bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni mo sì gbọ́dọ̀ sọ: n kò tíì rí ibi tí wọ́n ti fi iyì tó báyìí sí ibi tí èèyàn kàn ń dúró de ọkọ̀. Ìràwọ̀ kan odidi, tìtorí iṣẹ́ ọnà nìkan ni mo ṣe fi í lélẹ̀.

Bí ẹ bá ń sún mọ́ ibùdókọ̀ Cadillac Center, ẹ wo ilé gíga tuntun tó ń dán gbinrin lójú òpópónà Woodward. Ilẹ̀ tó dúró lé ni ilé ìtajà J. L. Hudson wà tẹ́lẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó tóbi jùlọ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Bàbá kan tí mò ń tọ́jú, aláwọ̀ dúdú tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, sọ fún mi pé aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyá àwọn máa ń wọ̀ kí wọ́n tó lọ síbẹ̀, kódà bó jẹ́ ìbọ̀sẹ̀ lásán ni wọ́n fẹ́ rà. Oṣù kìíní ọdún 1983 ni wọ́n tì í. Ó dúró lófìfo bẹ́ẹ̀ títí di oṣù kẹwàá ọdún 1998, wọ́n wá fi ẹ̀tù wó o lulẹ̀. Ibi tó ti ń wó ló ti ya lu afárá People Mover, ó bà á jẹ́, ọkọ̀ ò sì lè yí ìgboro po mọ́ fún oṣù tó pọ̀. Mo fi ibẹ̀ han Dádì. Wọ́n ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ń mi orí.

Ta ló pa Hudson's? Ọwọ́ Hudson's wà níbẹ̀. Ní 1954, nígbà tí ilé ìtajà àárín ìgboro ṣì ń kún àkúnfàya, ilé iṣẹ́ yìí kan náà lọ kọ́ ọjà ńlá Northland sí Southfield, Victor Gruen ló yàwòrán rẹ̀, ibi ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀ sì fẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Àwọn oníbàárà wọn tó jẹ́ aláwọ̀ funfun ti ń kó kúrò ní Detroit lọ sí àwọn ìlú tó yí i ká, Hudson's sì tẹ̀ lé owó. Ta ni yóò dá ẹjọ́ oníṣòwò tó tẹ̀ lé oníbàárà? Àmọ́ ẹni tó kù sẹ́yìn ńkọ́? Mo mọ Northland dáadáa, kò jìnnà sílé mi. Òun náà ti kógbá sílé ní 2015. Àwọn oníbàárà yẹn tún ti kọjá lọ síwájú sí i, síhà àríwá.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ mi gan-an wà. Ẹ bi ọ̀pọ̀ àgbàlagbà aláwọ̀ funfun ní àyíká wa pé kí ló ba Detroit jẹ́, ọdún 1967 ni wọn yóò dárúkọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù keje ọdún yẹn, ọlọ́pàá ya wọ ilé ọtí kan tí kò ní ìwé àṣẹ ní òpópónà 12th Street, ìgboro gbiná, èèyàn 43 sì kú kó tó rọlẹ̀, aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn. N kò ní kéré é kù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún. Láàárín 1947 sí 1963, iṣẹ́ bí 134,000 ló ti bọ́ kúrò ní àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe nǹkan jáde ní Detroit. Packard, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ gba ilẹ̀ rẹpẹtẹ ní East Grand Boulevard, ti dẹ́kun ṣíṣe mọ́tò níbẹ̀ ní 1956. Iye èèyàn inú ìlú, tó jẹ́ 1,849,568 ní 1950, ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 1,670,000 nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní 1960. Ọdún méje gbáko ṣì kù kí iná 1967 tó ràn.

Iṣẹ́ mọ́tò ò kú o. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò fiyè sí nìyẹn. Láàárín ọdún 1947 sí 1958, àwọn ilé iṣẹ́ mọ́tò ńlá mẹ́ta, GM, Ford àti Chrysler, kọ́ ilé iṣẹ́ tuntun 25 ní àyíká Detroit. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó wà láàárín ìlú náà fúnra rẹ̀. Ilé iṣẹ́ àtijọ́ jẹ́ alájà púpọ̀, wọ́n ń fi ẹ̀rọ gbé ẹrù sókè sódò. Ọ̀nà ìṣiṣẹ́ tuntun ń fẹ́ ilé tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ilẹ̀ rẹpẹtẹ ni ìyẹn sì ń gbà. Lókè 8 Mile, oko ni gbogbo rẹ̀ nígbà náà, owó orí kéré, òpópónà márosẹ̀ tí ìjọba ń là sì ti dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọ̀gá ò sì kọ̀ láti sá díẹ̀ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ UAW, tí agbára rẹ̀ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ìlú. Gbogbo èyí mọ́gbọ́n dání lórí pépà. Dádì, tó mọ bí ilé iṣẹ́ ṣe ń kó ẹrù, bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Àwọn òṣìṣẹ́ wá ńkọ́? Ṣé wọn ò lè tẹ̀ lé e ni?"

Àwọn kan tẹ̀ lé e. Àwọn tí awọ ara wọn gbà fún wọn ni. Bàbá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ọmọdé ni wọ́n wà nígbà tí ìyá wọn kó wọn wá láti Alabama, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláwọ̀ dúdú ṣe ń sá kúrò ní gúúsù wá síbi tí Ford ti kéde dọ́là márùn-ún lójúmọ́ láti 1914. Nígbà tí wọ́n dàgbà, wọ́n ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ mọ́tò Dodge Main, ní Hamtramck. Yàrá tí wọ́n ti ń fín ọ̀dà ni wọ́n kọ́kọ́ fi wọ́n sí, níbi tí àwọn dúdú pọ̀ sí. Lọ́jọ́ kan tí mò ń pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì wọn, wọ́n sọ fún mi pé nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Warren, ìlú kan lókè 8 Mile, àwọn lè wakọ̀ lọ ṣe mọ́tò níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ò lè sùn síbẹ̀. Wọn ò tilẹ̀ bínú nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Bí ẹni ń sọ iye tí tòmátì ń lọ lọ́jà ni wọ́n ṣe sọ ọ́.

Kì í ṣe àsọdùn. Ní ilé iṣẹ́ Rouge ti Ford, ní Dearborn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláwọ̀ dúdú ló ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò lè gbé Dearborn. Inkster, ìlú mìíràn nítòsí, ni ọ̀pọ̀ wọn ń sùn. Láàárín Detroit fúnra rẹ̀, lẹ́bàá 8 Mile, ògiri kan ṣì wà tí wọ́n mọ ní 1941, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ó gùn tó ìdajì máìlì. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé fún àwọn funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdúgbò àwọn dúdú ló mọ ọ́n, torí ìjọba àpapọ̀ kò ní í dúró fún owó tí wọ́n fẹ́ yá àfi bí ohun kan bá pààlà sáàárín àwọn méjèèjì. Ògiri lásán, ẹ ò rí i? Ọmọdé lè gùn ún. Ìwé báńkì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò lè gùn.

Àdúgbò tí àwọn dúdú sì ti kọ́ fúnra wọn, Black Bottom àti Paradise Valley, níbi tí wọ́n ti ní ilé ìtajà, ilé ìwòsàn, ilé orin tó lókìkí káàkiri Amẹ́ríkà, ìjọba wó o ní àwọn ọdún 1950, òpópónà márosẹ̀ Chrysler sì gba orí Hastings Street kọjá. Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ ní Greektown tàbí Bricktown, ẹ fẹsẹ̀ rìn síhà ìlà oòrùn díẹ̀, ẹ ó débẹ̀. Ọkọ̀ ló kù tó ń sáré níbẹ̀, wọ́n ń kó èèyàn lọ sílé wọn ní àwọn ìlú àyíká.

Ní 1974, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà tún fi òǹtẹ̀ lù ú nínú ẹjọ́ Milliken v. Bradley: wọn kò gbà kí ètò dída ọmọ dúdú àti ọmọ funfun pọ̀ nílé ìwé kọjá ààlà Detroit wọ àwọn ìlú àyíká. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún òbí tó lówó ò ṣòro: kọjá 8 Mile, ọ̀rọ̀ ti parí. Ọdún yẹn kan náà ni Coleman Young gorí àga gẹ́gẹ́ bíi mẹ́yọ̀ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ aládùúgbò mi ní Southfield ṣì ń sọ pé òun ló bà á jẹ́. Èmi ò sọ pé bàbá náà kò ṣe àṣìṣe, ẹnu wọn mú, ìjà kì í sì í tètè sú wọn. Ṣùgbọ́n ilé tí òrùlé rẹ̀ ti ṣí ni wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́.

Torí ìlú kì í sún kì nígbà tí èèyàn inú rẹ̀ bá dín kù. Máìlì 139 níbùú lóròó ni Detroit jẹ́ nígbà tí èèyàn rẹ̀ sún mọ́ mílíọ̀nù méjì, máìlì 139 náà ló ṣì jẹ́ nígbà tó ku 713,777 ní 2010. Páìpù omi gùn bákan náà. Iná òpópónà pọ̀ bákan náà. Ọkọ̀ panápaná gbọ́dọ̀ dé òpópónà tí ilé méjì péré kù sí. Owó orí àwọn tó kù, tí tálákà pọ̀ jùlọ nínú wọn, ni yóò san gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú owó ìfẹ̀yìntì àwọn tó ti sin ìlú nígbà tó ṣì tóbi. Ní oṣù keje ọdún 2013, Detroit wọko gbèsè, gbèsè tó tó bílíọ̀nù 18 dọ́là, kò sí ìlú Amẹ́ríkà tó tíì wọ irú rẹ̀ rí. Nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 iná òpópónà ni kò tàn. Wọ́n gé owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ìlú kù pẹ̀lú ìdá 4.5 nínú 100, wọ́n sì dá àfikún tí wọ́n ń rí gbà lọ́dọọdún dúró. Nígbà tí mo kà á fún Dádì, ibẹ̀ nìkan ni ojú wọn ti yí padà. Owó ìfẹ̀yìntì kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lẹ́nu àgbàlagbà láti Ìkẹjà.

Ẹ má jẹ́ kí n gbàgbé ọkọ̀ tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn Bricktown, ó dé Renaissance Center, àwọn ilé gíga onídígí létí odò tí Henry Ford Kejì ṣagbátẹrù rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1977 pé òun ni yóò sọ Detroit jí. Òtẹ́ẹ̀lì alájà 73 ló wà láàárín rẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ bí odi: òkìtì kọnkéré ńláńlá ni wọ́n fi kọjú rẹ̀ sí Jefferson Avenue, kí ẹni tó bá wá láti òkè 8 Mile lè wakọ̀ wọlé, ṣiṣẹ́, jẹun, kí ó sì padà láìfẹsẹ̀ kan ìgboro. Nígbà tó yá ni wọ́n tó wó òkìtì náà. GM rà á ní 1996, ó sọ ọ́ di olú ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ní 2024 ló kéde pé òun ń kó lọ sí ilé tuntun tó wà lórí ilẹ̀ Hudson's, ètò sì wà láti wó méjì nínú àwọn ilé gíga náà. Dádì béèrè bóyá kọnkéré Amẹ́ríkà kì í pẹ́ ni.

Ibi tí ojú ti ń gbádùn jùlọ ni láti ibẹ̀ lọ sí West Riverfront. Odò wà lápá kan, Windsor ti Kánádà wà lódìkejì, síhà gúúsù. Bẹ́ẹ̀ ni, gúúsù. Dádì ò gbà títí wọ́n fi rí oòrùn. Ibùdókọ̀ Huntington Place wà nínú ilé ìpàdé ńlá tí wọ́n ti ń pàtẹ mọ́tò tuntun, àwòrán mọ́tò lóríṣiríṣi ló sì wà lára ògiri. Ibẹ̀ la ti sọ̀kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Dádì dúró tì í bí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́ wò, wọ́n ń tọ́ka sí ibi tí ẹ̀ńjìnnì wà nínú èyí, ibi tí ó wà nínú ìyẹn. West Riverfront ńkọ́? Joe Louis Arena ni ibùdókọ̀ náà ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti wó pápá náà, ọkọ̀ ṣì ń dúró, ilẹ̀kùn á ṣí, ẹnikẹ́ni ò ní í wọlé, ilẹ̀kùn á tì. Joe Louis fúnra rẹ̀, kó tó di àgbà ọ̀jẹ̀ nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, ọmọ Alabama tó bá ẹbí rẹ̀ wá ní àwọn ọdún 1920 ni, ó sì ṣiṣẹ́ ní Rouge rí.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ, torí pé ojú irin kan ṣoṣo ló wà ni, apá kan náà ló sì ń dojú kọ. Bí ibi tí ẹ̀ ń lọ bá wà lẹ́yìn yín pẹ́rẹ́, ẹ ó kọ́kọ́ yí gbogbo ìgboro ká kí ẹ tó débẹ̀. Ẹsẹ̀ yá jù ú lọ níbẹ̀.

Èkejì wúwo jù. Kò dé ibi tí èèyàn wà. Kò dé Michigan Central, ilé ìbùdókọ̀ ojú irin ńlá tí ọkọ̀ kẹ́yìn kúrò níbẹ̀ ní 1988, tí Ford rà ní 2018, tó sì tún ṣe tó rẹwà bí ààfin kí wọ́n tó ṣí i ní 2024. Kò dé ọ̀pọ̀ àdúgbò tí àwọn tí mò ń tọ́jú ń gbé. Kò sì kọjá 8 Mile, bẹ́ẹ̀ òkè 8 Mile ni iṣẹ́ lọ. Detroit tó ti ní ọkọ̀ ojú irin ìgboro káàkiri rí, ó pa wọ́n tì ní 1956, ó sì ta àwọn ọkọ̀ náà fún Mexico City. Bọ́ọ̀sì inú ìlú jẹ́ ti ilé iṣẹ́ kan, ti àwọn ìlú àyíká jẹ́ ti òmíràn, fún ọ̀pọ̀ ọdún sì ni àwọn ìlú kan fi kọ̀ pé bọ́ọ̀sì kankan ò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ àwọn. Ní 2015, ìròyìn kàn káàkiri ayé nípa òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan tó ń gbé Detroit tó ń fẹsẹ̀ rin nǹkan bíi máìlì 21 lójúmọ́ láti lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Rochester Hills àti láti padà. Àwọn èèyàn dáwó mọ́tò fún un, wọ́n pa àtẹ́wọ́. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2016, wọ́n dìbò lórí owó orí tí yóò so ètò ọkọ̀ gbogbo àgbègbè náà pọ̀. Ó ku díẹ̀ kó wọlé, kò wọlé. Èmi ò lè dìbò nígbà náà, n kò tíì di ọmọ ìlú; inú ṣì ń bí mi sí i.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé ìlú náà ti ń gbérí. Òótọ́ ni. Àwọn olówó ti padà wá sí àárín ìgboro, ilé David Whitney tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Grand Circus Park, tó ṣófo láti 2000, ti ṣí padà ní 2014 pẹ̀lú òtẹ́ẹ̀lì nínú rẹ̀. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé iye èèyàn Detroit ti lé díẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láti 1957. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ ẹ jókòó sí fèrèsé ọkọ̀ yìí kí ẹ fara balẹ̀ wò ó: ohun tó ń dán, inú àyíká tí afárá náà yí po ló pọ̀ sí. Bàbá tó ṣiṣẹ́ ní Dodge Main ń gbé níbi tí ilẹ̀ òfìfo pọ̀ ju ilé lọ, ọmọ wọn ló sì ń wakọ̀ lọ ra oúnjẹ fún wọn lókè 8 Mile.

Bí ẹ bá ní àlejò, ẹ mú un lọ ní ọ̀sán ọjọ́ tí kò sí bọ́ọ̀lù. Ọjọ́ tí Lions tàbí Tigers bá ń gbá, ẹ̀yin àti èrò yóò fún ara yín mọ́ ògiri. Ẹ yẹ àkókò iṣẹ́ wọn wò kí ẹ tó jáde, torí ó máa ń yí padà. Ẹ yí i po lẹ́ẹ̀kan láìsọ̀kalẹ̀, kí ẹ tún un yí, kí ẹ wá máa sọ̀kalẹ̀ wo iṣẹ́ ọnà. Bí ebi bá ń pa yín, Greektown ni kí ẹ dúró. Dádì ní àwọn ò rí àwọn tó ṣe ẹ̀ńjìnnì o, pé ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ ni mo fi han àwọn. Rouge la ń lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ṣì ń to ọkọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń jẹ́ kí àlejò wò ó, àmọ́ ìyẹn ń gbowó.